Fi Ọmọ Sílé, Ká Lọ Sí Lọ́kọ́ja: Ìtọ́sọ́nà Ìsinmi Ọjọ́ Mẹ́ta fún Tọkọtaya Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ó pé ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìgbéyàwó wa kí èmi àti ọkọ mi tó jọ sùn níbi tí ọmọ kankan kò ti kanlẹ̀kùn lóru. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa. Tíṣà ni mí ní Kàbà níbí, nílẹ̀ Ọ̀kun ní Ìpínlẹ̀ Kogí; Bàbá Tọ́lá ń ṣe oko kájú, ó sì ń ta sìmẹ́ńtì. Tí a bá jókòó ti ara wa lálẹ́, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wa kò ju mẹ́ta lọ: owó iléèwé, omi tó tán nínú tánkì, àti ẹni tí yóò lọ mú àwọn ọmọ wálé lọ́la. Ìjà kò sí láàárín wa. Ọ̀rọ̀ ló ti tán.

A ti lọ sí Lọ́kọ́ja lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Èyí àkọ́kọ́ kò dáa rárá, èkejì sàn díẹ̀, ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ wa dé eegun. Ohun tí ìrìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ wa ni mo kọ sílẹ̀ yìí, kí tọkọtaya mìíràn ní Ìyàrà, Mọpà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ má baà tún ìyà tí a jẹ jẹ. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ gba àyè ju ọ̀rọ̀ ìlú tí à ń lọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó lè fún ìyá tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà nílé ní ìsinmi.

Ẹ yan èbúté tó súnmọ́lé

Tí wọ́n bá ní ká lọ najú ní ìlú èbúté, Èkó ló ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọkọ̀ ńláńlá sì ń gúnlẹ̀ sí Apápá. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ wa níbí, odidi ọjọ́ kan lẹ ó fi wà lójú ọ̀nà. Ẹ dé lálẹ́ Fúráídè, ara ríro lẹ ó fi Sátidé wò, ilẹ̀ Sọ́ńdè mọ́, ẹ tún ti di ẹrù. Èyí kì í ṣe ìsinmi.

Èbúté odò ni Lọ́kọ́ja, ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, ojú omi yìí ni ọkọ̀ ń gbà kó ẹrù láti etí òkun wá sí òkè. Títí di òní, Lọ́kọ́ja ni olú iléeṣẹ́ NIWA wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti Kàbà, tí ẹ bá gba Obajana, tí ọ̀nà sì dán, kò gba wákàtí méjì. Fún èmi, ìdí tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Bí fóònù bá dún láàárọ̀ pé ara ọmọ kò yá, kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀ ẹ ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ pé mo lè tètè padà ni oúnjẹ tó gba ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ọjọ́ tí ẹ ó lọ

Ẹ má mú àsìkò kájú. Láti Fẹ́búárì títí wọ Épírì, ẹni tó ní oko kájú nílẹ̀ wa kò ní ọkàn méjì, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju iye tí wọ́n ń rà á lọ.

Ẹ yẹra fún Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkítóbà náà, ìgbà tí odò máa ń kún jù nìyẹn. Ní 2012 àti 2022, omi wọ ilé àwọn ènìyàn ní Lọ́kọ́ja, ọ̀nà tó lọ sí Àbújá sì di odò. Àárín Nòfẹ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti lọ, odò ṣì gbòòrò, ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run. Tó bá di Jánúárì, ẹ lè gun òkè tán kí ẹ má rí odò rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé ìpè tó wà nílé. Sátidé ilẹ̀ Ọ̀kun, òkú àti ìgbéyàwó ló ni ín. Tí ìnáwó ẹbí bá bọ́ sí ọjọ́ náà, ẹ sún ìrìn yín síwájú. Ìsinmi tí wọ́n bá fi ń bú yín kò lè wọ̀ yín lára.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ

Ó kéré tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Ẹni tí àwọn ọmọ ti bá sùn rí ni kẹ́ ẹ fi wọ́n tì, ẹ má wá alejò sínú ilé nítorí ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ìyá ọkọ ni, ọkọ ni kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ìyàwó wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyá ìyàwó, ìyàwó ni kó sọ ọ́. Ẹ má fi fóònù sọ ọ́. A lọ bá Màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídè kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti oko dé, tí wọ́n ti wẹ̀. Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo àwọn ọmọ láti Fúráídè sí Sọ́ńdè. Èmi àti Ìyá Tọ́lá fẹ́ lọ sí Lọ́kọ́ja."

Màmá wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Màmá. A kàn fẹ́ sinmi ni."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ nu eruku tí kò sí létí aṣọ wọn. Wọ́n wá ní, "Èmi àti bàbá yín ò rí irú ẹ̀ ṣe. Ẹ máa lọ." Mo ti ń kó àlàyé jọ láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kò tilẹ̀ wúlò.

Àwọn aládùúgbò yóò sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ń sọ ọ́ fún yín kó má bá yín lójijì. Ẹnìkan bi mí bóyá ìyàwó tuntun ni mí. Ẹ dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ṣé àwọn ọmọ ni kó lọ bá ìyá àgbà ni, àbí ìyá àgbà ni kó wá? Ìyá àgbà ni kó wá, bí ara wọn bá gbà á. Nígbà kejì, a kó àwọn ọmọ lọ sí abúlé, àbíkẹ́yìn wa kò sì gbà láti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé lóru nítorí òkùnkùn. Ó di wàhálà lálẹ́ méjèèjì. Nínú ilé wa, ó mọ gbogbo ibi tó lè fọwọ́ bà.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, ẹ fi alẹ́ kan dán an wò. Kí Màmá wá sùn, kí ẹ̀yin náà wà nílé, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Màmá ni gbogbo ìbéèrè àwọn ọmọ ń lọ: oúnjẹ, omi ìwẹ̀, àdúrà alẹ́. Ohun tí kò bá sí nípò yóò hàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí ń sọ ohun tó ba ìrìn wa àkọ́kọ́ jẹ́. Ní aago kan òru, fóònù dún. Ara ọmọ wa àárín gbóná bí iná. Oògùn wà nílé, èmi fúnra mi ni mo rà á, àmọ́ ìgò mẹ́ta ló wà nínú àpótí náà, n kò sì sọ fún Màmá èyí tó jẹ́ ti ibà ara gbígbóná, tàbí ìwọ̀n síbí tí wọ́n ń fún un. Ẹ̀rù ń bà wọ́n láti lò ó, wọ́n sì tọ̀nà. Mo ń fi ẹnu ṣàpèjúwe àwọ̀ ìgò lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ń já. A kò sùn mọ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ báyìí, a forí lé ilé. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti Màmá.

Nítorí náà, ẹ kọ bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lẹ́tà ńlá ńlá, ní èdè tí ẹni tó ń bá yín ṣọ́ ilé lè kà. Tí kò bá mọ̀wé kà, kí ọmọ yín àgbà kà á sókè sí i létí títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n tí oníṣègùn pa láṣẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ wà láàárín èkíní àti èkejì. Gbogbo oògùn tó ṣẹ́kù láti ìgbà àìsàn àtijọ́, ẹ kó wọn kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ẹ so káàdì ọsibítù mọ́ bébà náà, pẹ̀lú owó tó tó fún ọkọ̀ àti àyẹ̀wò. Ẹ kọ nọ́ńbà aládùúgbò tó ní mọ́tò, kí ẹ sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ fi tó iléèwé létí pé Màmá ni yóò wá mú wọn ní Fúráídè. Ẹ wo ìdérí kànga, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń pa gáàsì han Màmá, kí ẹ sì ní kí wọ́n pa á lójú yín.

Ẹ má yọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ òbí ń dúró kí ọmọ sùn kí wọ́n tó lọ, àánú ló ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tó jí tí kò bá ìyá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dé ilé ìwẹ̀ láìtẹ̀lé yín. Ẹ fi òru ka ọjọ́ fún un: "Tí o bá sùn lẹ́ẹ̀kan, tí o tún sùn lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sán ọjọ́ yẹn la máa dé." Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ èyí ju Sọ́ńdè lọ. Ní ìrìn kẹta, mo fi ìró tí mo wọ̀ sùn sílẹ̀ fún àbíkẹ́yìn wa, mi ò fọ̀ ọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wé ìró náà mọ́rùn, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì, ó juwọ́ sí wa. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún, nínú ọkọ̀, títí a fi kọjá ìlú.

Ẹ mú àkókò ìpè kan ṣoṣo lóòjọ́. Tiwa ni aago méje alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ wọn. Tó bá jẹ́ gbogbo wákàtí lẹ̀ ń pè, ọmọ tó ti gbàgbé pé ẹ lọ yóò tún máa rántí.

Owó

Kí ẹni méjèèjì dá a, bí ẹni méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ pín in sí àpò-ìwé márùn-ún: ọkọ̀, yàrá, oúnjẹ àti odò, ẹ̀bùn, àti ti ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àfi bí ọ̀ràn bá dé. Ẹ ti gba owó lọ́wọ́ oní-POS kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ̀kì báǹkì máa ń ṣe wàhálà lópin ọ̀sẹ̀. Kí owó kéékèèké wà níbẹ̀ fún atukọ̀ àti ọjà. Tí ẹ bá ti pín in tán, ẹ má tún dárúkọ owó mọ́ títí ẹ ó fi padà.

Yàrá

Àwòrán orí fóònù kì í sọ gbogbo rẹ̀. Ní ìrìn wa kejì, yàrá náà mọ́, bẹ́ẹ̀dì dáa, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn àríyá wà lẹ́yìn fèrèsé gan-an, àwọn olórin kò sì dákẹ́ títí di aago mẹ́ta òru. Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó lọ, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè báyìí: Ṣé ẹ ní gbọ̀ngàn, ṣé wọ́n sì ti gbà á ní Sátidé? Aago mélòó lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó lẹ ń pa á? Ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ àbí inú garawa lẹ ń gbé e wá? Ṣé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kò ya? Etí odò ni, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tó kọjú sí omi. Ẹ wọ inú yàrá, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ohun ìfètòsọ́mọbíbí yín, ẹ kó o sínú báàgì láti ilé. Mo sọ ọ́ nítorí ẹ̀yin tí ọmọ yín ti pé iye tí ẹ fẹ́.

Ojú ọ̀nà

Ojú ọjọ́ nìkan. Èmi kò ní fi èyí bá ẹnikẹ́ni jiyàn, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ọ̀nà wa ti dà. Tí ẹ kò bá lè kúrò ní Kàbà kó tó di aago méjì ọ̀sán Fúráídè, ẹ sùn sílé, kí ẹ gbéra ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Àwọn ará Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àárọ̀ ni tiyín láti ilẹ̀, ẹ̀yin jìnnà jù wá lọ. Ẹ dé gáréèjì ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ bi àwọn dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí ọ̀nà ṣe rí. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀nà Kàbà sí Obajana jẹ́ kìlómítà 43, kọnkéré ni iléeṣẹ́ Dangote fi ṣe é, ó sì tẹ́jú. Títẹ́jú rẹ̀ yìí ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn sáré àsápajúdé, bẹ́ẹ̀ tírélà sìmẹ́ńtì pọ̀ ní agbègbè Obajana. Ẹ ní sùúrù lẹ́yìn wọn. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé. Kí àwòrán kankan má ṣe jáde lórí WhatsApp tàbí Facebook títí ẹ ó fi padà délé, torí ẹ ò mọ ẹni tó ń wò ó tó mọ̀ pé ìyá arúgbó àti ọmọdé nìkan ló wà nílé.

Alẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ jẹ ẹja tútù nínú ọbẹ̀ ata, ẹ pe ilé ní aago méje, ẹ sùn. Ẹ má ṣe ètò kankan mọ́ ọn.

Sátidé: òkè láàárọ̀, odò nírọ̀lẹ́

Kí oòrùn tó mú, ẹ ti wà lórí Òkè Patti. Ó ga tó nǹkan bí mítà 450 sí ìpele òkun, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ lè gbé mọ́tò dé òkè, ṣùgbọ́n bí orúnkún yín bá ṣì lágbára, ẹ rìn ín, kí ẹ gbé omi dání. Ilé ìsinmi Lugard wà lórí rẹ̀, igi osè àgbà kan náà sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1900, Lọ́kọ́ja ni Lugard ti ta àsíá Bìrìtìkó sókè láti kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà.

Àwọn tó ń mú ènìyàn kiri yóò sọ fún yín pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, ìyàwó Lugard, jókòó sí tó fi wo odò tó sì fún wa lórúkọ Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ ọ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin náà ti dá orúkọ yẹn lábàá ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Jánúárì 1897, òun àti Lugard kò sì ṣègbéyàwó títí di 1902. Ohun tó wà níbẹ̀ tó jẹ́ òótọ́ ni èyí tí ẹ ó fi ojú ara yín rí: Odò Ọya ń bọ̀ láti ọwọ́ àríwá, Bẹ́núé ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, orùlé páànù ìlú wà lábẹ́ yín. Ẹ jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ pa fóònù.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sí Holy Trinity, iléèwé àtijọ́ tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Irin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Ẹrú ni Crowther fúnra rẹ̀ rí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó nígbà ọmọdé, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Mo dúró níwájú irin yẹn pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ padà lọ sùn. Oorun ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni kò fi "Mọ́mì!" gé, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ẹ lọ sétí odò. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wà, àwọn kan ń lọ sí Shintaku ní òdìkejì. Ẹ̀yin gba ọkọ̀ tí yóò kàn gbé yín yí ibi ìpàdé omi ká. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé sínú ọkọ̀, ti àlọ àti àbọ̀ papọ̀. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni kó wà lọ́rùn yín kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa. Bí atukọ̀ bá ní kò sí, tàbí tó ní omi kò jìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí ènìyàn bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Òbí ọmọ ni yín. Kí ẹ sì ti gúnlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ní àárín odò, ẹ ní kí atukọ̀ dín ẹ́ńjìnnì kù. Níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, wọn kì í tètè dà pọ̀: ọ̀kan pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, èkejì ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ sì ń rí ojú ààlà náà bó ṣe ń yí. Mo ti múra ìbéèrè kan wá láti ilé, mo gba ẹ̀yin náà nímọ̀ràn pé kí ẹ mú un wá: "Kí lo ti ń rò láti ọjọ́ yìí tí o kò sọ fún mi?" Mo bi ọkọ mi. Ó na ọwọ́ sínú omi, kò dáhùn títí ọkọ̀ fi yí padà. Ó wá sọ fún mi pé lọ́dún tí owó kájú já wálẹ̀, òun yá owó, òun san án tán, òun kò jẹ́ kí ń mọ̀ nítorí oyún àbíkẹ́yìn ló wà nínú mi nígbà náà. Ọdún mẹ́rin rèé. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín, kí ẹ má fi ṣe ìjà. Ọwọ́ rẹ̀ tó tutù ni mo dì mú.

Sọ́ńdè

Ẹ lọ sí ilé ìjọsìn tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ wá kọjá sí ọjà Kpata fún ẹja. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ rà fún Màmá. Ẹ gbé e lọ́wọ́: èyí tó gbẹ dáadáa fúyẹ́, tí ẹ bá ṣẹ́ ìrù rẹ̀ yóò dún. Ẹ yẹ inú ikùn rẹ̀ wò. Bí ìyẹ̀fun bá ń dà sílẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Bébà ni kí wọ́n fi wé e. Inú ọ̀rá yóò làágùn, kó tó di ọjọ́ kẹta yóò bu. Èdè ọjà ibẹ̀ pọ̀, Hausa, Nupe, Ígálà, Ẹ̀bìrà, ṣùgbọ́n Yorùbá yín yóò tó o.

Ní aago méjìlá, ẹ ti wà lójú ọ̀nà.

Tí ẹ bá délé, ẹ kúnlẹ̀ kí Màmá, ẹ kó ẹja fún wọn ní tiwọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó fọ́ àti ohun tó sọnù. Nǹkan yóò fọ́. Tiwa ni ife tíì mẹ́ta àti ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ má bá wọn sọ ọ́. Ìyàwó ni kó gba ìdáná lálẹ́ yẹn, tàbí ọkọ, kí Màmá tètè sùn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, kí ẹ ti sanwó rẹ̀ fún dírẹ́bà kí wọ́n tó wọlé sínú ọkọ̀.